Ohun Tí A Rí Kó Nínú Pàǹtí, Èló Ni Kí A Tà Á?

Ẹ jẹ́ kí a fi àṣìṣe tiwa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí a bá fi ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní Òkè-Àdó pa àtíbàbà sí àgbàlá ìjọ, wọ́n tẹ́ tábìlì, olúkúlùkù sì kó ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá tà. Àwọn kan gbé ọṣẹ wá, àwọn kan gbé ṣinṣín àti kókóró. Ní ìpẹ̀kun tábìlì kan ni arábìnrin kan dúró sí, opó ni, ìyá ìbejì, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́ àti àpò aláńkárá sílẹ̀. A mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan. Ó wù wá púpọ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ni, ó sì ń dán bí òkúta iyebíye. A ní, "Ìyá Ìbejì, èló lẹ pe èyí?" Ó ní, "₦4,000 ni, Bàbá."

A ń yí ìlẹ̀kẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ni a bá rí lẹ́tà kékeré lára ẹyọ kan. Kalẹ́ńdà ìjọ wa ti ọdún tó kọjá ni! A pariwo pé, "Háà, Ìyá Ìbejì, kalẹ́ńdà tí a fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ tún fẹ́ tà fún wa ní ₦4,000?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. A na ₦1,000 sí i, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì fi ọjà náà sínú ọ̀rá fún wa. Lẹ́yìn wa, kò sí ẹni tí ó san ju ₦1,000 lọ fún ìlẹ̀kẹ̀ kankan nídìí tábìlì náà títí tí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

A gbé e délé fún ìyàwó wa, a ń retí ọpẹ́. Ó béèrè iye tí a rà á, a sì sọ fún un bí a ti ná an. Ìyàwó wa ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rí kí ó tó di olùkọ́. Kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí tábìlì oúnjẹ, ó ní kí a kà á. A kà á. Ẹyọ 74 ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ kí arábìnrin náà nílé rẹ̀, ní apá ibi tí ọ̀nà ti lọ sí pápá ìṣeré tí gbogbo wa ń pè ní Liberty, tí ó ti ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ kalẹ́ńdà àtijọ́ sílẹ̀, ó fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ìlà sí i, ó sì ń fi àlùmọ́gàjí gé e ní onígun mẹ́ta gígùn, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí àtàǹpàkò, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ó mú ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, ó fi ìdí bébà náà lé e, ó ń yí i títí ó fi kan ibi tó ṣóńṣó, ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó sì fà á yọ. Ẹyọ kan nìyẹn. Bí kò bá yí i dọ́gba, ikùn ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní ṣeé lò. Lálẹ́, bí àwọn ìbejì bá ti parí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọn a máa bá a gé bébà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń yí i. Lẹ́yìn náà ni yóò sín wọn sórí okùn, yóò kùn wọ́n ní fáníìṣì, yóò so wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n gbẹ, yóò sì tún kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ó tó gbẹ tán. Bí ewúrẹ́ àdúgbò bá sì fara kan án kí ó tó gbẹ, ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

A wo aago wa. Ẹyọ kan gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: 74 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 296, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún, láìka gígé bébà àti kíkùn. Fáníìṣì, gọ́ọ̀mù, okùn àti ìkọ́ tí ó lò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà jẹ́ ₦900. Nítorí náà, ₦100 ni àwa Pásítọ̀ rẹ̀ san fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, a sì tún fi ṣe ẹ̀rín. Ọmọkùnrin tí ń fi bárò gbé ẹrù lọ́jà Òkè-Àdó yóò bínú bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní ₦100 fún ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

A bi í pé kí ló dé tí kò fi kọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá kọ̀ fún yín lójú gbogbo ìjọ, wọn á ní mò ń gbéraga sí Pásítọ̀."

Àlàárì ńkọ́?

Ohun tí ó fa àṣìṣe wa ni pé a gbà pé ohun tí a kò ra, kò lówó lórí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àlàárì. Ìyá ìyàwó wo ni kì í gbé orí sókè bí ó bá ró àlàárì lọ́jọ́ ìdána? Sílíkì ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́. Orúkọ náà ti inú èdè Lárúbáwá wá, níbi tí sílíkì ti ń jẹ́ harir. Àwọn Hausa pè é ní alharini, ó sì di àlàárì lẹ́nu tiwa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, púpọ̀ nínú sílíkì náà jẹ́ èérún, ìyẹn èyí tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ nílé iṣẹ́ àwọn ahunṣọ ní Yúróòpù tí wọn kò lè lò mọ́. Àwọn oníṣòwò kó o wá sí Tripoli, wọ́n ran án, wọ́n pa á láró pupa, ràkúnmí sì gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá sí Kánò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbálẹ̀ ilé iṣẹ́ ni, ẹ̀yin ará! Síbẹ̀ a kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún ahunṣọ pé kí ó dín owó àlàárì kù nítorí pé ìdọ̀tí ni òwú rẹ̀ ní ibi tí ó ti wá. Ní ilẹ̀ Asante ní Gánà pẹ̀lú, ará Denmark kan tí ń jẹ́ Rømer kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé Ọba Opoku ń mú kí wọ́n tú aṣọ sílíkì àwọn òyìnbó ní fọ́nrán-fọ́nrán, kí wọ́n tún un hun ní ọ̀nà tiwọn.

Àwọn alábàtà àdìrẹ náà ṣe tiwọn. Tíì tí àwọn òyìnbó ń kó wọ̀lú máa ń wà nínú àpótí pákó tí a fi páànù tín-ín-rín tẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí tíì bá tán, àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta a gba páànù yìí, wọn a fi ọ̀bẹ kékeré gé àwòrán sí i lára, wọn a sì fi í tẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Òun ni a ń pè ní àdìrẹ bátànì. Ọlọ́ba tí ó gbajúmọ̀, tí wọ́n ṣe fún ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935, wà lára irú àdìrẹ tí ọ̀pọ̀ ìyá wa tọ́jú sínú àpótí. Àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ra búrọ́ọ̀ṣì. Ìyẹ́ adìẹ àti igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń lò, àwọn ni wọ́n sì ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sínú aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹni tí ó bá ní ojúlówó rẹ̀ nínú àpótí ìyá rẹ̀ lónìí, kí ó má ta á lówó pọ́ọ́kú.

Àwọn àgbà yóò tún rántí ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí Bídá. Àwọn ẹgbẹ́ Masaga ní Bídá, ní ilẹ̀ Nupe, ni wọ́n ń ṣe é. Láyé àtijọ́, wọ́n ń se dígí dúdú tiwọn, tí wọ́n ń pè ní bikini. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgò. Ìgò ọtí bíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ (ọtí kò sí nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bi wá). Inú ahéré róbótó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, iná ìléru wà láàárín, ẹnì kan ń fẹ́ ẹwìrì láìdákẹ́, àwọn yòókù sì yí iná ká. Oníṣẹ́ yóò fi ọ̀pá irin mú dígí tó ti yọ́ bí oyin, yóò máa yí i, yóò máa tọ́ ọ títí yóò fi di òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹwìrì bá dákẹ́, dígí yóò le, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti fara da ooru inú ahéré yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní bi wọ́n ní iye tí wọ́n ra ìgò.

Ti àwọn Krobo ní Odumase, ní Gánà, yàtọ̀ díẹ̀. Wọn a gún ìgò nínú odó irin títí yóò fi kúnná bí ìyẹ̀fun, wọn a bù ú sínú ihò kéékèèké tí ó wà lára àwo amọ̀, wọn a sì fi ẹyọ igi ewé ẹ̀gẹ́ gún àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sínú iná, ìyẹ̀fun dígí yóò lẹ̀ pọ̀, igi ewé ẹ̀gẹ́ yóò jóná, ibi tí ó wà yóò sì di ojú ihò tí okùn máa gbà kọjá. A gbádùn ọgbọ́n yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn náà, wọn a fi omi àti iyanrìn fá a lórí òkúta kí ó lè dán. Ọjọ́rú àti Sátidé ni ọjà Agomanya tí wọ́n ti ń tà á; ti Koforidua jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nítorí pé ọjà wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí olùrà sì mọ ohun tí ó ń wá, kò sí ẹni tí yóò dá alátẹ kan ṣoṣo dúró kí ó máa fi í ṣe ẹ̀rín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun opó wa gan-an nìyí: kò ní ọjà mìíràn ju àtíbàbà ìjọ lọ.

Ní Kampala, ní ilẹ̀ Uganda, irú ìlẹ̀kẹ̀ bébà yìí gan-an ni àwọn obìnrin kan ń ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Acholi Quarter. Ogun ni ó lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní apá àríwá ilẹ̀ náà, òkúta ni wọ́n sì ń fọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ní 2004, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà mẹ́ta pàdé ọ̀kan nínú wọn níbi tí ó ti ń yí bébà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kò rí ẹni rà á. Wọ́n ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílé béèrè sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ BeadforLife sílẹ̀. Bébà kò yí padà, ọwọ́ tó yí i kò sì yí padà. Olùrà ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n a ó fi kún un pé kí arábìnrin kankan má jókòó de òyìnbó. Àti pé ẹni tí ó ra ọjà nítorí àánú kì í sábà padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nítòsí wa níhìn-ín

Ọ̀kan wà tí a kò ní láti gun ọkọ̀ òfúrufú kí a tó rí i. Arábìnrin Achenyo Idachaba-Obaro ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí Nàìjíríà ní 2009. Ó rí koríko orí omi tí ó ń dí ojú ọ̀nà àwọn apẹja, èyí tí àwọn kan ń pè ní Gbéborùn, bóyá nítorí pé kò síbi tí kì í dé, bí ọ̀rọ̀ ẹnu olófòófó. Ó rò pé ó ṣeé hun bí a bá sá a gbẹ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ híhun. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé Sábó, ní Ìbàdàn wa níhìn-ín, ni ó lọ láti kọ́ bí a ti ń lọ́ okùn lọ́wọ́ àwọn Hausa tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó wá kọ́ àwọn ará etí omi ní Bayeku, ní apá Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, MitiMeth, ń fi koríko yìí ṣe apẹ̀rẹ̀, àpò àti ohun èlò orí tábìlì, ó sì gba ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin oníṣòwò ní 2014. Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé obìnrin tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ jókòó ti alókùn ní Sábó bí ọmọ iṣẹ́.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá iṣẹ́ yìí lè mú ìdọ̀tí Ìbàdàn kúrò nílẹ̀. Rárá o. Àwa tí a rí omíyalé Ògùnpa ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, tí a tún rí ti Oṣù Kẹjọ 2011, mọ ohun tí pàǹtí ń ṣe bí ó bá dí ojú omi. Ìlẹ̀kẹ̀ bébà kò lè tó o. Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ gbogbo wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ìbejì.

A tún mọ̀ pé àwọn ìjọ kan kò fàyè gba yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rárá, a kò sì fẹ́ fi ojú ewé yìí jà. Arábìnrin tí ó bá wà ní irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lè fi àjákù aṣọ òkè rán àpò Bíbélì tàbí àpò ìyàwó. Kí ẹ sì rántí Ẹ́kísódù 38:8, níbi tí agbada idẹ inú àgọ́ ti wá láti inú dígí àwọn obìnrin. Ohun èlò àtijọ́ ni Bésálẹ́lì lò. Òótọ́ ni pé yẹtí àtijọ́ kan náà ni Áárónì fi ṣe ẹgbọrọ màlúù ní orí 32. Ọwọ́ tí ó bọ́ sí ni ó yàtọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ opó kan

Kí a tó kúrò nílé Ìyá Ìbejì, a bi í bí ó ti dé ₦4,000. A rò pé ó kàn fi ẹnu dá a ni, kí á lè ná an sílẹ̀. Ó dìde, ó mú ìwé ọmọ iléèwé kan jáde. Ohun èlò, ₦900. Wákàtí mẹ́fà, pẹ̀lú gígé àti kíkùn, ní ₦400 fún wákàtí kan, ₦2,400. Owó ọkọ̀ àti ọ̀rá, ₦200. Èrè tí yóò fi ra fáníìṣì mìíràn, ₦500. Ẹ rò ó pọ̀: ₦4,000 géérégé ni. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a kò mọ ìṣirò.

Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ra irú ìwé yẹn. Ẹ má ka wákàtí yín sí ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù fún oníbàárà, èrè ni kí ẹ mú un kúrò, kì í ṣe lára owó ohun èlò. Bí ó bá ti kan owó ohun èlò, ẹ ń fi owó oúnjẹ àwọn ọmọ ra fáníìṣì nìyẹn. Àjákù ańkárá tí àwọn télọ̀ Òkè-Àdó ń dà nù lónìí, wọn yóò béèrè owó rẹ̀ lọ́la bí wọ́n bá rí i pé ẹ ń fi í jẹun, nítorí náà ẹ tètè bá wọn ṣe àdéhùn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ṣà á ní àwọ̀-àwọ̀ kí ẹ tó gé e ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì fi aṣọ líle tí wọ́n ń fi sínú kọ́là tẹ́ ẹ nínú kí àpò má baà wó. Ẹ má ra ìkọ́ yẹtí olówó pọ́ọ́kú tí í mú etí kẹ̀; oníbàárà kan tí etí rẹ̀ kẹ̀ yóò lé ogún sá. Ẹ sọ fún olùrà pé kò gbọ́dọ̀ wọ ìlẹ̀kẹ̀ bébà wẹ̀. Kí ẹ sì gbé ọjà yín jáde kúrò nínú àgbàlá ìjọ: ẹ lọ bá àwọn tí ń ṣe ìmúra ìyàwó, àti àwọn tí ń ta iṣẹ́ ọnà fún àlejò ní Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá. Àwa ará ilé ìgbàgbọ́ fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n àwa náà ni a máa ń sọ pé a ó san án níparí oṣù.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ná ọjà mọ́. Yorùbá ni wá. Ẹ ná an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí oníṣẹ́ kò lè kọ̀ fún, bóyá Pásítọ̀ ni yín, tàbí díákónì, tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ rọra.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, a mú ₦3,000 jáde. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní rárá, pé ẹ̀bùn ni ó jẹ́ fún Mọ́mì. A ní ẹ̀bùn Mọ́mì kọ́, gbèsè Bàbá ni. Ó pẹ́ kí ó tó gbà á.

Nígbà tí àwọn obìnrin tún pa àtíbàbà, a rí i pé ó ti kọ iye owó mọ́ ohun gbogbo lára, ó fi òwú so ó. Díákónì wa kan mú ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó wo bébà tí a kọ owó sí, ó la ẹnu pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe kalẹ́ńdà…", ó sì bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Àwa ń wo òkè àtíbàbà. Ó ka ₦4,000 fún un. Ìyá Ìbejì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sínú àpò, ó sì mú yẹtí kékeré kan fún un ṣe èènì fún ìyàwó rẹ̀.